Ọ̀rẹ́ Tí Mò Ń Bá Jiyàn Las Vegas

Lọ́jọ́ tí mo jó ní Las Vegas, iná ìlú kú, eyín mi ni gbogbo wọn fi ríran. Bàbá tí a jọ máa ń jókòó ní mọ́ọ̀lù ní Brampton kì í gbà. Á bọ́ fìlà lé orúnkún, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra purọ́. New Orleans ni fàájì wà. Ìlú tí wọ́n ti ń fi fèrè sìnkú, kí lẹ tún ń wá?”

Ọmọ rẹ̀ ti mú un lọ máa gbé ní Georgetown. Báàgì mi ni mò ń gbé sórí àga rẹ̀, kí ẹlòmíì má baà jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo Sọ́ńdè ló ń pè mí lórí fóònù, kí a lè parí iyàn náà.

Ẹ gba ti Las Vegas gbọ́ o. Ti fóònù ni mo parọ́ rẹ̀. Kò pè mí rí.