Arvella Crisp àti Ọjọ́ Tí Wọ́n Ṣí Odò

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Arvella Crisp bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Spruce Gap tó fi ṣe àṣìṣe kan tí kò gbàgbé mọ́: létí odò, ó bá aláìsàn tó ń pẹja fi ekòló sí ìwọ̀.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà yóò ní, kí ló burú níbẹ̀? Ìyá àgbàlagbà kan ni aláìsàn ọ̀hún. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ekòló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àánú sì ṣe Arvella. Lórí òkè wa níbí, ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa kì í káwọ́ lẹ́yìn máa wo àgbà tó ń jìyà. Ó gba ìwọ̀, ó gún ekòló mọ́ ọn, ó fi ẹ̀rín dá a padà. Ìyá dúpẹ́, ó ju okùn sódò, kò sì gbìyànjú láti fi ekòló kankan sí ìwọ̀ mọ́ títí wọ́n fi dìde nílẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀, Dexter Hyatt, dúró dìgbà tí gbogbo aláìsàn wọ ọkọ̀ tán kó tó bá a sọ̀rọ̀.

"Arvella, nínú ìwọ àti ìyá yẹn, ta ló ń ṣàìsàn?"

"Ìyá ni, sà."

"Ta ló wá fi ìka ṣiṣẹ́ lónìí?"

Arvella wo ìka ara rẹ̀.

"Ìwọ ni. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ṣe ìka tìẹ. O ti gba oògùn ìyá lọ́wọ́ rẹ̀, o gbé e mì. Nígbà mìíràn, kó ọwọ́ sápò."

Àwọn kan a máa pe iṣẹ́ yìí ní iṣẹ́ bíbá aláìsàn ṣeré. Wọ́n ṣì í pè. Ẹni tó fẹ́ bá aláìsàn ṣeré kò nílò ju ọ̀yàyà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi eré wo aláìsàn gbọ́dọ̀ mọ iṣan tó ti sùn àti eré, ìbáà ṣe ẹja pípa, tó lè jí i. Ìdí nìyẹn tí ìpínlẹ̀ wa fi ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe é láìní ìwé àṣẹ. Ó ní láti gboyè ní yunifásítì, kó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, kó sì yege ìdánwò. Àwọn olùrànlọ́wọ́ wà pẹ̀lú, tí ìwé àṣẹ tiwọn rẹlẹ̀ sí èyí. Ọ̀kan nínú wọn ni Arvella. Olùrànlọ́wọ́ lè ṣe ohun púpọ̀, àmọ́ lábẹ́ àbójútó ẹni tó ní ìwé àṣẹ ńlá ni. Bí kò bá sí alábòójútó, kò sí iṣẹ́.

Hyatt ló ń bójú tó Arvella láti ìgbà náà wá. Obìnrin gíga ni Arvella, bàtà òjò bàbá rẹ̀ tó ti kú ló ń wọ̀ lọ síbi gbogbo, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń dún débi tí wọ́n ń gbọ́ ọ láti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi, ohùn rẹ̀ kì í bá orin mu, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ fún un.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, aláìsàn kan, Burl Messer, ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Burl ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé ìlagi kí àrùn ẹ̀gbà tó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n ní kó máa fún bọ́ọ̀lù rọ́bà. Ó jù ú gba ojú fèrèsé. "Ṣé ọmọ ọwọ́ lẹ fi mí pè ni?" Arvella ò bá a jà. Ó wá ìwọ̀ ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ ti kú, ó po ìyẹ̀fun bísíkíìtì, ó ká a bí ekòló, ó kó o síwájú rẹ̀. Gbogbo ìgbà òtútù ni Burl fi ń gún ìyẹ̀fun mọ́ ìwọ̀, tó ń búra pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí odò, òun fúnra òun ni yóò fi ekòló òun sí ìwọ̀ òun.

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí odò kì í ṣe ọjọ́ kékeré. Nínú oṣù kẹta, ìjọba a ti odò pa mọ́ àwọn apẹja, wọn a da ẹja alámì tótòtó tí wọ́n sìn sí i. Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin, wọn a ṣí i. Ẹni tí a kò bá rí létí omi lọ́jọ́ náà, ohun tí à ń béèrè ni pé, àbí ó ti kú ni?

Ọmọ Hyatt bí ìbejì ní Florida. Hyatt, bàbá àgbà tuntun, fẹ̀yìn tì, ó lọ bá wọn. Ẹni tí wọ́n gbà láti rọ́pò rẹ̀ sì ránṣẹ́ pé òun ti rí iṣẹ́ síbòmíràn. Ọ̀sẹ̀ ìṣídò gan-an nìyẹn. Ilé ìwòsàn ní kò sí alábòójútó, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń lọ sódò.

Burl pe Arvella sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ aláìsàn rẹ̀.

"Kó wa lọ jàre. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀, Mísítà Burl."

"Sọ pé fàájì la lọ ṣe."

"Tó bá jẹ́ fàájì, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ yín jí. Gbogbo làálàá ìgbà òtútù yìí á wá di àwàdà."

"Orí kunkun rẹ jọ ti ìbaaka bàbá rẹ."

"Ṣé ìbaaka tó gé yín jẹ?"

"Ó gé mi jẹ, mo gé e jẹ padà. A parí ìjà!"

Arvella rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn. Ó jókòó ti tẹlifóònù, ó ń pe gbogbo ẹni tó ní ìwé àṣẹ ní agbègbè wa. Ọwọ́ wọn ti kún. Ó wá ku Joretta Plott, tó ń fi eré wo àwọn ọmọdé lẹ́yìn òkè, tí òkìkí rẹ̀ sì ti kàn pé ojú rẹ̀ le.

Joretta ní, "Èmi kì í fọwọ́ sí iṣẹ́ ẹni tí mi ò tíì rí lẹ́nu iṣẹ́. Màá bá ilé ìwòsàn yín sọ ọ́, màá bójú tó ọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn nìkan. Bí ohun tí mo rí ò bá tẹ́ mi lọ́rùn, etí odò ni màá ti dá gbogbo yín padà sílé."

Arvella ní, "Ẹ ṣeun, màámù," ẹ̀rù sì bà á.

Òtútù mú ní àárọ̀ Sátidé. Wọ́n to kẹ̀kẹ́ àwọn aláìsàn sí orí pákó etí omi, bísíkíìtì tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀ àti kọfí ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Joretta dé, obìnrin kúkúrú, fèrè ilé ìwé lọ́rùn. "Ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí," ló wí, ó sì gbé àga rẹ̀ síbi tí kò sẹ́ni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Zula, ẹ̀gbọ́n Burl, náà wá. Burl mú ekòló, ó bọ́. Ó mú òmíràn, ó yọ̀ bọ́. Ekòló ààyè kì í ṣe ìyẹ̀fun. Àágùn yọ níwájú orí rẹ̀ nínú òtútù náà.

Zula figbe ta. "Ẹ wo ìwà ìkà! Burl, gbé e wá kí n bá ọ ṣe é!"

"Mísì Zula, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ọwọ́ yín sápò."

"Aṣọ mi ò lápò!"

"Ó dáa, ẹ gba tèmi."

Arvella la àpò kan lára kóòtù rẹ̀, Zula sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Arvella kó ọwọ́ tirẹ̀ sínú àpò kejì. Bí àwọn méjèèjì ṣe dúró nìyẹn, bí ewúrẹ́ méjì lórí okùn kan. Burl wò wọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín, ekòló tún bọ́.

"Àwọn wo rè é? Ẹ yé pa mí lẹ́rìn-ín, mo ń ṣiṣẹ́!"

Ó mú òmíràn. Ó fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìka ìfábẹ̀lá, ó rọra mú ìwọ̀ sún mọ́ ọn. Ìwọ̀ wọlé. Ekòló há sí i, ó ń jó lẹ́nu rẹ̀.

Gbogbo etí odò hó yèè. Zula ń sunkún, kò sì rí ọwọ́ nu ojú. Burl ju okùn sómi bí ọba.

Joretta dìde, ariwo sì rọlẹ̀.

"Arvella Crisp."

"Màámù."

"Apá ọ̀tún ni kò lágbára, apá òsì lo dúró sí. Bó bá yẹ̀ sómi, ta ló máa gbá a mú?"

Arvella sáré yí sí apá ọ̀tún, ó sì ń wọ́ Zula tẹ̀ lé ara rẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Joretta wí. "Àmọ́ ọwọ́ rẹ ò kúrò lápò láti àárọ̀, ohun tí mo wá wò nìyẹn. Màá máa bójú tó ọ. Kì í ṣe títí ayé o! O máa padà sí yunifásítì, kí o wá gba ìwé àṣẹ tìrẹ."

Kí Arvella tó dáhùn, okùn Burl fà. Ẹja tó gbé sókè ò gùn ju ọwọ́ ọmọdé lọ.

"Ẹ wo erinmi!" ni Burl kígbe.

Zula ní, "Burl, ìyá ẹja yẹn ṣì ń wá a kiri."

Arvella padà síwèé lóòótọ́. Nígbà tó gboyè, Burl jókòó ní ìlà iwájú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún pàtẹ́wọ́ mọ́ òsì. Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwé àṣẹ lẹ́ẹ̀kíní, ó tún un ṣe, ó yege.

Títí di ìgbà tí a gbọ́ nípa rẹ̀ kẹ́yìn, Spruce Gap náà ni Arvella Crisp ń gbé. Ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ọ̀hún, òun sì ni alábòójútó àwọn olùrànlọ́wọ́ ibẹ̀.