Ẹni Tó Ń Kí Ilé Òfìfo

Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, bá dé ilé wa ní Ekenwan Road, kódà kó bá pálọ̀ lófìfo, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ kú ilé o," á sì dákẹ́ díẹ̀ kó tó bọ́ bàtà. Ó máa ń bí mi nínú.

"Màmá, kò mà sẹ́nìkan níbẹ̀."

"Olè nìkan ló ń wọlé láì kí ilé."

Àṣà yìí ló mú lọ sí ìlú Òyìnbó, níbi tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ kó tó padà wálé. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni títọ́jú ilé olókùúta kékeré kan tí àwọn olówó ayé àtijọ́ kọ́ sínú ọgbà òdòdó wọn, kí wọ́n lè máa jókòó gbatẹ́gùn. Gbogbo wọn ti kú tipẹ́. Láràárọ̀, kó tó wọlé gbálẹ̀, á kọ́kọ́ kí wọn ní Yorùbá. Ọ̀gá rẹ̀ bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Àwọn onílé."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti ọjọ́ náà, òun náà ń ṣí fìlà kó tó wọlé.

Ọmọ mi obìnrin gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n òyìnbó ló fi ń dá wa lóhùn. Lẹ́yìn ìsìnkú Màmá, èmi àti òun lọ kó ẹrù ní yàrá rẹ̀ ní Siluko Road. Mo ṣílẹ̀kùn, mo já wọlé, mo ti ń ká aṣọ. Ọmọ mi kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ilé o, Màmá."

Ó dákẹ́ díẹ̀.

Mo rọra gbé aṣọ ọwọ́ mi sílẹ̀, mo sì padà síta.