Ìyàwó Tó Da Oògùn Nù Nínú Rédíò

Ó ku ọdún díẹ̀ kí òmìnira dé nígbà tí mo wọlé ọkọ ní Ọ̀jọ́ láti Ìbà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé, èmi ló sì fi ìyá rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ara ìyá ọkọ mi kò yá nígbà náà. Ẹsẹ̀ wọn ń wú, wọ́n sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi ni mo ń se àgbo wọn, èmi náà ni mo ń ṣe oúnjẹ wọn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ni rédíò kan ṣoṣo tó wà ní agboolé wa. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun Alásárì, á gbé e sójú fèrèsé, àwọn ará ilé àti aládùúgbò á tẹ́ ẹní, a ó sì gbọ́ eré tí wọ́n ń ṣe ní Yorùbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Eré náà dá lórí obìnrin kan tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ọkọ obìnrin náà ra oògùn òyìnbó wálé fún ìyá, ó fi í lé ìyàwó lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, a gbọ́ tí obìnrin náà wọ yàrá, a gbọ́ tó ṣí ìgò, a wá gbọ́ tí nǹkan ń dà sílẹ̀. Ó ní, "Ó ti tó gẹ́ẹ́." Ibẹ̀ ni orin ti gbà á, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Agboolé gbaná. Ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, pàtẹ́wọ́: "Ó fẹ́ pa ìyá ni! Kí ló tún kù?" Ẹlòmíràn ní ilé ìyá náà ló fẹ́ jogún. Mi ò lè pa ẹnu mi mọ́. Mo ní, "Bóyá oògùn yẹn ti bàjẹ́ ni. Bóyá ó mọ ohun tí àwa ò mọ̀."

Ìyálé mi rọra yíjú sí mi. "Ìyàwó, ẹni tó ń da oògùn ìyá ọkọ rẹ̀ nù lò ń gbèjà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò bá mi rín in. Nígbà tí mo wo ìyá ọkọ mi, ọwọ́ mi ni wọ́n tẹjú mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ bá wọn. Wọ́n ní, "Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀." Nígbà tí mo padà lọ lọ́sàn-án, ó ti tutù, wọn ò fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn ò mu àgbo tí mo sè. Láti ìdáná ìyálé mi ni oúnjẹ wọn ti wá ń wá. Bí mo bá dé ìdí kànga, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin á gé. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan tí ǹ bá fi fèsì. Ó ṣe mí bíi kí n sá lọ sí Ìbà, ṣùgbọ́n bí mo bá lọ, wọ́n á ní ẹ̀rí ọkàn ló lé mi. Ọkọ mi wálé ní Sátidé, èmi àti ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Sọ́ńdè dé. Mo jókòó sáàárín wọn, mò ń gbàdúrà fún obìnrin inú rédíò bí ẹni pé ọmọ ìyá mi ni. Rédíò ń ha, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbá a pẹ́pẹ́, ohùn obìnrin náà sì jáde. Ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní bí ìyá arúgbó yẹn bá kú, kò ní sẹ́ni tí yóò máa ti ọkọ òun láti fẹ́ ìyàwó mìíràn.

Ó fẹ́ pa á lóòótọ́.

Gbogbo ojú yí sí mi. Eré ń lọ, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ mọ́.

Ìyá ọkọ mi gbọ́wọ́ sókè. "Pa nǹkan yẹn."

"Ìyá, kò tíì tán o," ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fèsì.

"Mo ní kí o pa á." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìyàwó, kí ló dé tí o fi gbèjà rẹ̀?"

Mo ní, "Ìyá, nítorí àgbo ni wọ́n fi lé ìyá tó bí mi kúrò nílé bàbá mi. Ọmọ orogún wọn ń ṣàìsàn. Ìyá mi rí i pé àgbo inú ìkòkò ti kan, wọ́n dà á nù kí wọ́n lè se òmíràn. Kí omi tó hó, ọmọ ti kú. Gbogbo ilé rí i pé wọ́n da oògùn nù. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀."

"Ìyá rẹ wá ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú. Èmi nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún."

Ìyálé mi wolẹ̀. Ìyá ọkọ mi mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Lọ gbé ẹ̀kọ wá."

Mo gbé e wá. Wọ́n wo inú abọ́ náà, wọ́n wò mí. "Kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Lójú gbogbo ènìyàn. Ó ta mí lára bí ata ojú, ṣùgbọ́n mo mu ún. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n mu ún dé ìdajì.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí mo gbé fún wọn tí n kì í kọ́kọ́ tọ́ wò, títí kan omi. Nígbà tí ọkọ mi rí i, ó bínú, ó ní òun á bá ìyá òun sọ̀rọ̀. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, ó sàn ju kí ebi pa wọ́n lọ. Bẹ́ẹ̀ inú ń bí èmi gan-an.

Nígbà tó yá, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo gbé ọbẹ̀ ẹja síwájú wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti fa ẹní kúrò níbi tí òrùlé ti ń jò. Kí n tó gbórí sókè láti wá tọ́ ọ wò, wọ́n ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Wọ́n rí i pé mò ń wò wọ́n. "Kí lò ń wò?"

"Kò sí o, Ìyá."

"Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń jẹun wọn lọ.