Àjèjì Kan Ṣoṣo ní Yàrá Ìfọṣọ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í ṣe ẹni tí ẹnikẹ́ni ń rí fín. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú àjèjì tí a wà yìí. Tí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ń kùn, wọ́n á ti mọ ohun tó ń ṣe é kí ẹni tó ń tún un ṣe tó dé. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ipò olórí yàrá ìfọṣọ ti ṣí sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ọ̀gá gbé e fún ọmọ ìlú tí ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn kọ́ níṣẹ́. Ó ní èdè ìlú ò yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Kí ló kan èdè? Ṣé aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ń gbọ́ èdè ni?

Ipò náà tún ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn tó ń ṣe ìwádìí dé, wọ́n fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí fún àwọn àjèjì níbi iṣẹ́. Wọ́n pín ìwé ìbéèrè, wọ́n ní kí kálukú lọ kọ ọ́ nílé, pé orúkọ ẹnikẹ́ni ò ní hàn níbẹ̀. Ni ọ̀gá bá pe ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ìwé yẹn máa gba ọwọ́ mi kọjá o. Kọ nǹkan tó dáa, ipò yẹn ò jìnnà sí ẹ."

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì wa. Èmi, ojo ni mí, mi ò ní purọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ 'ó dára' síbi gbogbo. Ẹ gba ipò yín ná, kẹ́ ẹ tó jà."

Wọ́n nàka sí ìwé náà. "Gbọ́ ohun tí wọ́n ń bi mí. Ọkùnrin àbí obìnrin? Obìnrin. Ọmọ ìlú àbí àjèjì? Àjèjì. Ọdún mélòó? Mọ́kànlá. Èmi nìkan sì ni àjèjì ní yàrá yẹn! Orúkọ wo ló tún kù tí wọ́n ń bá mi fi pamọ́? Oyún ṣeé fọwọ́ bò ni?"

Wọ́n bá kọ gbogbo ẹ̀ pátá, títí kan ohun tí ọ̀gá sọ ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n wá kọ orúkọ wọn gàdàgbà sísàlẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Inú bí mi gan-an. Mo ní wọ́n ti fọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá ránṣẹ́ pè wọ́n. Ìwé náà wà níwájú ẹ̀, ojú ẹ̀ le koko. Ó ní ipò ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tí ò tíì pé ọdún kan níbi iṣẹ́. Ó rò pé wọ́n á sunkún ni. Ẹ̀gbọ́n mi fa àga, wọ́n jókòó, ọ̀gá ò tiẹ̀ tíì ní kí wọ́n jókòó.

"Ó dáa, sà. Ẹ kọ ìdí ẹ̀ sínú ìwé fún mi, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i."

Ó mú bírò. Ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ní òun á kọ ọ́ tó bá yá.

Oṣù kẹrin rèé. Láràárọ̀, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ kankan, ẹ̀gbọ́n mi á kan ilẹ̀kùn ẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, sà. Ìwé mi dà?" Mo gbọ́ pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni ọ̀gá ń gbà wọlé báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ti mọ ibẹ̀ náà.