Gálílì Láìsí Ìyàwó Mi

Gẹdú ni mo ń là jẹ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti Òkè-Àgbò dé Jàpárà, kò sí ẹni tó máa sọ pé òun mọ igi jù mí lọ. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, síbẹ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ń pè mí ní ọ̀gá tí wọ́n bá fẹ́ kan òrùlé.

Mi ò kàn gbà pé òkú ń jí ni. Igi tí mo bá ti là, mi ò rí i kó tún rúwé rí. Ohun tí mo máa ń sọ fún ìyàwó mi nìyẹn. Á rẹ́rìn-ín, á di ìrẹsì sínú kúlà, á tẹ̀ lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Gálílì, ìyẹn pápá tí ìjọ wa ti máa ń jẹ, tó ti máa ń mu lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, nítorí Jésù ní òun ń ṣáájú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn lọ sí Gálílì. Èmi á jókòó sílé.

Nígbà tí ìyàwó mi kú, ilé ńlá tí mo fi ìrókò ṣe gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ wá ku èmi nìkan. Ìdajì ọbẹ̀ tí mo bá sè ló ń kan. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn: ṣé mo tún máa rí obìnrin yìí, àbí ó parí síbẹ̀?

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde dé, ìyá ẹgbẹ́ wọn wá kanlẹ̀kùn.

“Bàbá, ẹ múra. Àyè ìyàwó yín wà nínú mọ́tò.”

“Ta ló máa jókòó síbẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni. Àbí ikùn yín ò ní gbà níbẹ̀?”

Mo bá wọn lọ.

Ní pápá, àwọn obìnrin ṣeré ibojì Jésù. Wọ́n bá a lófìfo, wọ́n sáré lọ sọ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ọkùnrin tó tilẹ̀kùn mọ́rí. Àwọn yẹn ní ìsọkúsọ ni. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ròyìn ara ẹni ni mí. Tí mo bá ń sọ ti ìrókò tó fẹ́ wó lù wá nínú igbó Ogun Waterside, iwájú ni mo máa ń wà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn yìí ló padà di olórí ìjọ àkọ́kọ́, ẹnu wọn ni ìtàn ti jáde. Tó bá jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n pa, àwọn ni ì bá kọ́kọ́ dé ibojì. Wọ́n ní àwọn sá pamọ́, obìnrin ló ṣáájú. Ta ló ń pa irọ́ tó máa dójú ti òun fúnra rẹ̀? Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n sọ ọ́.

Mo yíjú sí ìyá ẹgbẹ́. “Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí.”

“Ọdún wo la ò sọ ọ́ fún yín?”

“Ẹ ò ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa ni.”

Ó mi orí, ó bu ẹran kún ìrẹsì mi.

Ìdánìkanwà ò lọ. Mo ṣì ń jẹun lémi nìkan. Àmọ́ tí wọ́n bá bi mí ní sọ́míìlì pé ilé ńkọ́, mo máa ń sọ fún wọn pé ìyàwó mi ti ṣáájú, èmi náà ń bọ̀.