Ìkòkò Kékeré fún Ọ̀wẹ̀ Òrùlé

Ahun pọ́nńbélé ni àbúrò bàbá mi. Bí àlejò bá bá a lẹ́nu oúnjẹ, abẹ́ àga ló ń ti àwo sí. Ìyẹn ì bá má dùn mí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó gbà pé gbogbo ayé ló rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún òmìnira, kò tíì pẹ́ tí bàbá mi kú, ìjì àkọ́rọ̀ òjò ṣí òrùlé koríko ilé wa ní Àrán-Ọ̀rin dànù. Bí a ò bá rí i bò kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìyá mi á kó wa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Oro-Ago, ìwé mi sì parí nìyẹn. Àfi kó bẹ àdúgbò lọ́wẹ̀, kó sì se oúnjẹ fún wọn.

Àbúrò bàbá mi rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. “Ìyàwó, ta ló fẹ́ wá ṣiṣẹ́ fún opó? O ò lọ́kùnrin tó máa lọ ṣe tiwọn. Se ìkòkò kékeré, má fi iṣu ṣòfò.”

“Mo ti gbọ́, ọkọ mi,” ni ìyá mi wí. Ó sì gbọ́ sí i lẹ́nu.

Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ ọ̀wẹ̀ mọ́, àwọn tí ìyá mi bẹ̀ ya dé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, àwọn tí kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì rárá náà wá. Ọkùnrin gun orí ilé, obìnrin ń ru koríko. Nígbà oúnjẹ, iṣu tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ò ju àtàǹpàkò lọ. Ìyá mi ń sunkún ìtìjú.

“Ìyá, ẹ má dààmú, a ti jẹun nílé,” ni àwọn òṣìṣẹ́ náà ń wí. Irọ́ ni. Ta ní ń jẹun nílé kó tó lọ sọ́wẹ̀?

Iṣẹ́ ti parí kí ọ̀gbẹ́ni ahun wa tó yọjú. Ó wo òrùlé, ó jókòó. “Tèmi dà?” Ìyá mi gbé iṣu tòun fúnra rẹ̀ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán!

Lẹ́yìn tí Ìlọrin ti di olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, iná ọyẹ́ jó ilé òun náà. Ó kọ̀, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ló lọ káàkiri bá a bẹ àdúgbò lọ́wẹ̀. Àwọn tó bo ilé wa náà ló wá.

Ó fa ìyá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ìyàwó, kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?”

Ìyá mi gba ìdí ààrò lọ. Ìkòkò ńlá ló gbé kaná lọ́jọ́ náà, iṣu oko tòun fúnra rẹ̀ ló sì sè. Ọkùnrin yìí ló kọ́kọ́ bù fún. Ó yẹ abọ́ náà wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, kó tó fọwọ́ kàn án.