Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kí Ọ̀gá Wa

Ariwo kásẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, ariwo tó ń ta létí bí epo gbígbóná tí omi kán sí. Bí a ṣe ń jí kọ̀ǹpútà wa láràárọ̀ nìyẹn, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ni ní ìṣirò ní Ìsẹ́yìn. Tẹlifíṣàn kékeré ni ojú rẹ̀. Kò sí àwòrán tí a lè fọwọ́ kàn bíi tòde òní. Ohunkóhun tí a bá fẹ́ kó ṣe, a ní láti tẹ àṣẹ rẹ̀ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀. Bí a bá sì pa á, ó ti gbàgbé gbogbo rẹ̀ nìyẹn, àfi ká tún fi kásẹ́ẹ̀tì rán an létí lọ́jọ́ kejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kan ló yá wa ní kọ̀ǹpútà náà. Ó ní bó bá di ọjọ́ àwọn òbí, tí ẹ̀rọ náà bá lè kọ orúkọ gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sójú rẹ̀ láìfo ẹnì kan, ó di tiwa. Bí kò bá lè ṣe é, òun á gbé e lọ fún ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ṣakí. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, mo ti tẹ gbogbo orúkọ sí i, ó sì kà wọ́n dé òpin.

Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni mí. Kò dùn mọ́ mi pé kí nǹkan jí láàárọ̀ kó má kí ẹnikẹ́ni. Mo bá tẹ ìkíni síwájú iṣẹ́ náà: ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá wa, ṣé dáadáa la jí? Inú ọ̀gá àgbà dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àlejò wá wò ó. Àlejò tó bá sì dé, mo ń fi tirẹ̀ kún un: alága àwọn òbí, pásítọ̀, lèmọ́ọ̀mù, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó ọjọ́sí. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mò ń kọ́ ẹ̀rọ.

Nígbà tí ọjọ́ àwọn òbí ku ọjọ́ mẹ́rin, mo ní kó tún ka àwọn orúkọ náà fún mi. Ó dé ibi tí àwọn orúkọ tó fi Oyè bẹ̀rẹ̀ wà, ó dúró, ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé àyè ìrántí òun ti kún. Mo pa á, mo tún tàn án. Mo nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀, mo fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, mo pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì. Ibi kan náà ló ń dúró sí. Ìyá tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ sísè gbọ́ bí mo ṣe ń ráhùn, ó yọjú.

“Tíṣà ìṣirò, kí ni àwọn ọmọ Oyè ṣe fún ọ?”

“Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Mọ̀mọ́. Ó ní inú òun ti kún.”

“Kí ló jẹ?”

Ó fa àga, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìkíni ń kọjá lójú ẹ̀rọ, ìyá ń jẹ́ ẹ, títí ó fi rẹ̀ ẹ́. “Háà! Níbo ló ń kó gbogbo èyí pamọ́ sí?”

“Inú ìrántí rẹ̀ ni, mà.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Ibẹ̀ náà ni…”

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. “O kó àlejò kún ilé tán, o wá ń wá ibi tí ọmọ onílé máa sùn!”

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi, ó sì wà níbẹ̀ pé ṣáájú ìkíni, orúkọ ń dé òpin. Èmi ni mo fi yíǹkì pupa kọ ọ́, tí mo fi rúlà fàlà sí i nídìí. Mi ò kàn padà kà á ni.

Mo yọ ti àwọn àlejò. Ó wá ku orúkọ mẹ́ta tí kò tíì jáde, ó sì ku ìkíni kan ṣoṣo, èyí tó gùn jù: ti ọ̀gá àgbà, pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí kí n tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ yọ ìkíni yín kúrò nínú ẹ̀rọ.”

Ó gbé kálàmù sílẹ̀, ó gba òkè dígí ojú rẹ̀ wò mí. “Ṣé o mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn ti ń kí mi, ìwọ ò kí mi mọ́?”

Òótọ́ ni. Láràárọ̀ ni mò ń sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ jí kọ̀ǹpútà.

“Yọ ọ́,” ló wí. “Ẹnu tìrẹ ni kó o máa fi kí mi.”

Lọ́jọ́ àwọn òbí, ẹ̀rọ jí, kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, tèmi ti ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi sítáàṣì sí, mo kí ọ̀gá, mo kí alága, mo kí pásítọ̀ àti lèmọ́ọ̀mù. Gbogbo gbọ̀ngàn pa àtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo tó tẹ bọ́tìnnì. Orúkọ ń jáde, ó ń jáde, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Oyè, kò dúró. Baba ahunṣọ kan tí fọ́nrán òwú ṣì wà lára fìlà rẹ̀ fò dìde: “Ọmọ mi rèé! Ẹ wò ó!” Nígbà tí orúkọ ìkẹyìn jáde, ìyá pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ọmọ onílé ti ríbi sùn o!” Akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ ní kí a gba ẹ̀rọ wa.

Fóònù tó wà lápò mi lónìí lè gba orúkọ gbogbo Òkè-Ògùn, àyè á tún ṣẹ́kù. Ó tún máa ń kí mi láàárọ̀. Ọ̀gá wa ti di arúgbó báyìí. Mi ò kí i lórí fóònù rí. Bó bá ti di ọjọ́ Sátidé, mo máa ń wọ bàtà, mo máa ń rìn lọ sílé rẹ̀, mo sì máa ń fi ẹnu mi kí i.